Jig àfọwọ́ṣe fún bíbu páìpù lẹ́nu: ibi tí ìwọ̀n ti ṣe pàtàkì àti ibi tí kò ti ṣe nǹkan kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Férémù irin ni mo fẹ́ jó. Páìpù 38 mm ni àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀, díẹ̀ lára àwọn igi ìdábùú rẹ̀ jẹ́ 38 mm, àwọn tó kù jẹ́ 25 mm. Irin páìpù náà nípọn tó 2 mm. Gráíńdà ni mo fi ń bu ẹnu wọn, àmọ́ àlàfo máa ń pọ̀ jù, iná á sì lu páìpù tí mo bá ń jó o. Mo ní dírìlì àfọwọ́mú, mo ní ẹ̀rọ wẹ́díìnì, mo sì ní àgékù irin díẹ̀ nílẹ̀. Ṣé mo lè fọwọ́ ara mi ṣe jig, ìyẹn ohun èlò tó ń di páìpù mú tó sì ń tọ́ ayùn sọ́nà, tí màá máa fi bu páìpù? Mo rí àwọn tó lo bẹ́árìnì, mo rí àwọn tó lo búṣì (òrùka tí ọ̀pá ń yọ̀ nínú rẹ̀). Èwo ni kí n ṣe? Ṣé jig kan lè gba páìpù méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe é. Jig kan á gba páìpù méjèèjì, ẹ kò sì ní í máa tún un tò nígbàkúùgbà tí ẹ bá pààrọ̀ páìpù. Lórí bẹ́árìnì àti búṣì, búṣì ni kí ẹ lò. Màá sọ ìdí rẹ̀ tá a bá dé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ oríkèé mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ló wà nínú férémù yín, mi ò ní í gbà yín níyànjú pé kí ẹ ṣe jig rárá. Ẹ gé bébà ní ìrísí kòtò tí ẹ fẹ́ bù sí ẹnu páìpù, ẹ wé e mọ́ páìpù, ẹ fàlà sí i, kí ẹ wá fi gráíńdà àti fáìlì ṣe é díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ohun tí ẹ ṣàlàyé jọ iṣẹ́ tí oríkèé rẹ̀ pọ̀, ibẹ̀ ni jig ti ń san owó ara rẹ̀ padà.

Ká tó fọwọ́ kan irin, ẹ jẹ́ ká wo ohun tá a fẹ́ kí jig náà ṣe. Tí páìpù kan bá máa fi ẹnu jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òmíràn, a gbọ́dọ̀ bù ú lẹ́nu kí ó lè ṣe wẹ́kú mọ́ ẹ̀yìn èkejì. Ibi tá a bù yẹn kì í ṣe nǹkan mìíràn bí kò ṣe apá kan lára ihò roboto tí ìbú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ìbú páìpù tó máa jókòó lé. Ìdí nìyẹn tí hole saw, ayùn roboto tí wọ́n fi ń la ihò ńlá sára pákó àti irin, fi bá iṣẹ́ yìí mu gan-an. Iṣẹ́ jig kò ju méjì lọ: kó di páìpù mú ṣinṣin, kó sì mú kí ayùn gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo láìgbọ̀n.

Ìbú páìpù tí ẹ máa jókòó lé ni ẹ ó fi yan ayùn, kì í ṣe ìbú páìpù tí ẹ ń bù. Tí 25 mm bá máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ 38 mm, ayùn 38 mm ni. Tí 38 bá máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ 38, ayùn 38 mm náà ni. Nítorí náà, níwọ̀n bí gbogbo ẹsẹ̀ férémù yín ti jẹ́ 38, ayùn kan ṣoṣo ló máa ṣe iṣẹ́ náà délẹ̀, àfi tí ẹ bá ní ibi tí igi 25 ti pàdé igi 25. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ayùn ni ìwọ̀n ihò tí eyín rẹ̀ ń là, òun náà sì ni ìwọ̀n kòtò tí ẹ máa rí, nítorí pé apá páìpù tí à ń fẹ́ ló wà ní ìta ayùn. Èyí tó bọ́ sínú ayùn ni àgékù.

Ẹ fi fáníà (irin ìwọ̀n tó ń gbá nǹkan mú láti wọn ìbú rẹ̀) wọn páìpù yín kí ẹ tó ra ayùn. Ìbú páìpù omi kì í bá orúkọ rẹ̀ mu: èyí tí wọ́n ń pè ní ínǹṣì kan fẹ̀ tó 33.4 mm láti ẹ̀yìn dé ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní ínǹṣì kan àbọ̀ sì fẹ̀ tó 48.3 mm. Páìpù férémù ní tirẹ̀ ń jẹ́ iye tí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀. Tí ẹ bá wọn tiyín tó jẹ́ 38.1, ínǹṣì kan àbọ̀ gidi ni, ìdá mẹ́wàá mílímítà kan yẹn kò sì ní í da iṣẹ́ yín rú.

Ìlà méjì tó gbọ́dọ̀ pàdé

Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ jig àfọwọ́ṣe jẹ́ kì í ṣe pé irin wọn fẹ́lẹ́ tàbí pé ẹni tó jó wọn kò mọ iṣẹ́. Ibi tí kò nílò ìṣọ́ra ni wọ́n ti lo gbogbo ìṣọ́ra wọn. Wọ́n á fi odidi ọjọ́ kan fín nọ́ńbà dígíríì sára rẹ̀ lọ́nà tó dára, wọ́n á wá gbé ṣááfù, ọ̀pá tó gbé ayùn, sí gíga tó bá ṣáà rí.

Ìlà méjì ló wà nínú jig yìí. Ọ̀kan ni ìlà àárín ṣááfù tó gbé ayùn. Èkejì ni ìlà àárín páìpù tí ẹ ń bù. Ìlà méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Tí ọ̀kan bá gba orí èkejì kọjá, kódà kó jẹ́ mílímítà kan péré, kòtò náà á lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ wo bó ṣe ń rí. Ká ní ẹ ń bu 38 láti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ 38, ayùn wá fi 1 mm ga ju àárín páìpù lọ. Etí òkè á fi nǹkan bíi 6 mm kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ìsàlẹ̀, ayùn kò tiẹ̀ ní í dé ẹ̀yìn páìpù, àgékù á ṣì so mọ́ ọn níbẹ̀. Ìdí tí 1 mm fi di 6 mm ni pé níbi etí, ara ayùn àti ara páìpù fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lọ ní ọ̀gbọọgba, nítorí náà àṣìṣe kékeré láti òkè sí ìsàlẹ̀ ń di ńlá ní gígùn páìpù. Tó bá jẹ́ 25 lẹ fẹ́ gbé sí ẹ̀gbẹ́ 38, 1 mm yẹn kan náà kò ní í mú kí etí méjèèjì yàtọ̀ tó 2 mm. Abájọ tí jig tí kò gún fi lè máa ṣe páìpù kékeré dáadáa fún oṣù mélòó kan, kó wá dójú ti ẹni tó ni ín ní ọjọ́ tó bá gbé páìpù tí ìbú wọn dọ́gba síbẹ̀.

Báwo wá ni jig kan ṣe máa gba ìwọ̀n méjì kí ìlà méjèèjì ṣì máa pàdé? Orí bí ẹ ṣe gbé páìpù kalẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Irin áńgù, tó ní igun bíi lẹ́tà V, ló dára jù láti fi gbé e. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ẹnu V yìí sí òkè, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ni ayùn wọn ti ń bọ̀. Nínú V tó kọjú sókè, àárín páìpù 38 fi nǹkan bíi 27 mm ga ju igun V lọ, ti 25 kò sì tó 18 mm. Ìyàtọ̀ tó ju 9 mm lọ nìyẹn, àfi kí ẹ máa wá irin tín-ín-rín tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹnu V kọjú sí ibi tí ayùn ti ń bọ̀, kí igun inú V sì wà ní gíga kan náà pẹ̀lú àárín ṣááfù. Páìpù yòówù tí ẹ bá gbé sínú rẹ̀, àárín rẹ̀ á bọ́ sí gíga yẹn fúnra rẹ̀. 9 mm tá à ń bá jà lẹ́ẹ̀kan ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tí ayùn ń gbà bọ̀ ló bọ́ sí báyìí, ayùn á kàn rìn díẹ̀ sí i ni. Àǹfààní mìíràn tún ni pé bí ẹ ṣe ń ti ayùn lu páìpù, ńṣe lẹ túbọ̀ ń tì í wọ inú V.

Tó bá jẹ́ pé dírìlì orí ìdúró lẹ ní, èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, òfin kan náà ni: ẹnu V kọjú sí ayùn, ìyẹn ni pé ó kọjú sókè. Níbẹ̀ lóòótọ́, V tó kọjú sókè tọ̀nà.

Ṣááfù àti búṣì

Ṣááfù jig yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń yípo, ó sì ń rìn síwá sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń ti ayùn wọlé. Bẹ́árìnì oní-ẹsẹ̀ tí ẹ rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn, iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Sukúrúù kékeré ló ń de òrùka inú rẹ̀ mọ́ ṣááfù. Tí ẹ bá dè é, ṣááfù kò lè rìn. Tí ẹ bá tú u, ṣááfù á máa yọ̀ nínú òrùka tí wọn kò ṣe fún yíyọ̀, á máa ha á, kò sì ní í pẹ́ tó fi máa dẹ̀. Àwọn tó lò ó tí iṣẹ́ wọn dára wà, páìpù ni wọ́n ń tì sí ayùn dípò kí ayùn máa lọ bá páìpù. Ìyẹn sì nílò ojú irin tí páìpù á máa yọ̀ lé lórí, èyí tó le ju kí ẹ wá búṣì lọ.

Búṣì idẹ tó ti mu òróró ni kí ẹ wá, méjì, tí ihò wọn gba ṣááfù 20 mm. Ẹ fi wọ́n sí orí àti ìdí páìpù kan tí irin rẹ̀ nípọn, tó gùn tó 100 mm. Bí búṣì méjèèjì bá ṣe jìnnà síra wọn tó ni ṣááfù kò ṣe ní í mì tó. Ẹ má sì jẹ́ kí ayùn yọ jìnnà sí búṣì iwájú. Gbogbo ohun tí ẹ bá máa jó mọ́ páìpù tó gbé búṣì yìí ni kí ẹ ti jó tán kí ẹ tó ki búṣì bọ̀ ọ́, nítorí iná wẹ́díìnì máa ń fún ihò pọ̀, ó sì máa ń wọ́ ọ. Lẹ́yìn tó bá ti tutù pátápátá, ẹ ki búṣì wọlé, ẹ fi rímà (irin tó ń fẹ ihò kó lè dán, kó sì dọ́gba) kan ṣoṣo la méjèèjì já lẹ́ẹ̀kan kí ihò wọn lè wà lójú ìlà kan.

Iṣẹ́ kan wà tí màá fẹ́ kí ẹ gbé fún ẹni tó ní lathe (ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè gbẹ́ ẹ), kódà tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ máa san owó fún: ṣááfù. Orí rẹ̀ ni ayùn máa wọ̀. Ayùn tó bá tó 32 mm sókè ń lo tíréèdì (eyín bíi ti bóòtù) 5/8 ínǹṣì, eyín 18 nínú ínǹṣì kan. Àwọn tó jẹ́ 30 mm sísàlẹ̀ ń lo 1/2 ínǹṣì, eyín 20. Fún 38 mm yín, 5/8 ni. Kó gbẹ́ orí ṣááfù 20 mm náà dé ìwọ̀n 5/8, kó gé tíréèdì sí i, kí ibi tó ti tún fẹ̀ padà sí 20 jẹ́ ibi tí ìdí ayùn á fara tì. Tí ihò ìdí ayùn àti ara ṣááfù kò bá wà lójú kan náà, ayùn á máa mì bí ó ṣe ń yí, á sì la kòtò tó tóbi ju orúkọ rẹ̀ lọ. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí jig tó máa wo àìsàn yẹn sàn.

Kó sọ ìdí ṣááfù di 12 mm kó lè wọ ẹnu dírìlì, kó sì ha á ní ojú pẹlẹbẹ mẹ́ta kí ẹnu dírìlì má bàa máa yọ̀ lára rẹ̀. Kó tún fi fáìlì ha ojú pẹlẹbẹ méjì níbi tí ṣááfù ti fẹ̀, lẹ́yìn ayùn gan-an, kí sípánà lè rí ibi dì mú. Bí ayùn ṣe ń gé ló ń le mọ́ ara ṣááfù, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ máa mọ iyì ojú méjì yẹn. Kó má ṣe gbẹ́ ojú méjì náà jìnnà dé ibi tó máa ń wọ inú búṣì o.

Bíìtì kékeré tó máa ń wà láàárín hole saw kò wúlò níbí. Búṣì ló ń tọ́ ayùn sọ́nà, bíìtì á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀yìn páìpù ni. Ní ti irin tí ẹ máa fi ṣe ṣááfù, irin dídán tó gún ni. Ọ̀pá ṣọ́kì mọ́tò àtijọ́ fani mọ́ra, ó gún, ó sì ń dán, àmọ́ ojú rẹ̀ le débi pé ẹni tó máa gé tíréèdì sí i lè dá a padà fún yín.

Ìsàlẹ̀ àti apá

Ibí yìí rọrùn. Péléètì irin tó nípọn tó 8 tàbí 10 mm ni ìsàlẹ̀. Kó gùn tó 300 mm, kó fẹ̀ tó 200. Ilé búṣì, ìyẹn páìpù tó gbé búṣì méjèèjì, dúró sí ìdajì kan lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe jó ilé búṣì mọ́ péléètì. Ẹ fún un ní ẹsẹ̀ méjì, kí ẹ sì fi bóòtù dè é, kí ẹ lè rí àyè tẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ náà tí gíga rẹ̀ kò bá tíì pé. Apá tó gbé V wà ní ìdajì kejì: irin pẹlẹbẹ 40 mm tó nípọn tó 10 mm, tí bóòtù M12 (tó nípọn tó 12 mm) kan gún mọ́ péléètì kó lè máa yí sọ́tùn-ún sósì, tí bóòtù kejì sì ń dè é pa ní dígíríì tí ẹ bá fẹ́.

Ibo ni kí bóòtù M12 yẹn wà? Ẹ fi sábẹ́ ìlà ṣááfù, nítòsí ibi tí ayùn ti máa pàdé páìpù. Tó bá fi 5 mm yẹ̀ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, kò burú rárá. Ẹ kàn máa ti páìpù síwájú tàbí fà á sẹ́yìn nínú V ni. Ẹ má bá ara yín jà lórí rẹ̀.

V ni kí ẹ ṣe jẹ́jẹ́. Irin áńgù 40 mm, gígùn 150 mm tó. Ẹ gbé e sórí bulọ́ọ̀kù irin lórí apá, kí etí rẹ̀ kan kọjú sókè, kí èkejì kọjú sísàlẹ̀, kí igun inú rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú àárín ṣááfù. Ẹ gé imú rẹ̀ kúrò kí ayùn má bàa gbá a nígbà tí apá bá yí. Iná kékeré ni kí ẹ fi kàn án ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ kàn án ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ sì wọ̀n ọ́n kí ẹ tó jó o dénú.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé. Ẹ ní kí ẹni tó ṣe ṣááfù gbẹ́ orí àgékù irin 20 mm kan ṣóńṣó fún yín. Ẹ ti ọ̀pá ṣóńṣó yìí gba inú búṣì lọ síwájú títí tí ẹnu rẹ̀ á fi kan V. Ó gbọ́dọ̀ kan igun inú V gẹ́lẹ́. Ẹ wọn gíga ọ̀pá náà sí péléètì níwájú àti lẹ́yìn, kí méjèèjì dọ́gba. Ẹ wọn ti V náà ní orí àti ní ìdí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé àgékù páìpù 38 sínú V, ẹ wọn gíga ẹ̀yìn rẹ̀ lókè láti orí péléètì. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé 25 sí i, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ti 38 gbọ́dọ̀ fi 6.5 mm ga ju ti 25 lọ, ìyẹn ìdajì ìyàtọ̀ ìbú wọn. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, V yín ti kọjú sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ díẹ̀, àárín páìpù méjèèjì kò sì sí ní gíga kan náà. Ẹ jẹ́ kó gún kí ẹ tó jó o pa.

Kíláǹpù: ẹ gé áńgù kúkúrú mìíràn, ẹ dà á dojú kọ ti àkọ́kọ́, bóòtù kan lókè, òmíràn nísàlẹ̀, kí wọ́n máa fa páìpù wọ inú V. Kó sún mọ́ ibi tí ayùn ń gbà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní í kan án. Páìpù tí wọ́n dì mú lókèèrè máa ń gbọ̀n, gbígbọ̀n yẹn ló sì ń ká eyín ayùn.

Dídán an wò àti lílò ó

Irin rírọ̀ ni ẹ ń gé, nítorí náà kí ayùn 38 mm máa yípo ní nǹkan bí ìgbà 230 ní ìṣẹ́jú kan. Ayùn 25 mm lè tó 350. Irin tí kì í dípẹtà gba nǹkan bí ìdajì iye yẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa tì í gidi, torí tí ayùn bá kàn ń ha á láìgé, ojú irin náà á le sí i. Dírìlì tó ní jíà méjì ni kí ẹ lò, kí ó wà ní jíà ìsàlẹ̀. Èyí tí kò ní jíà, tó ń sáré ní ẹgbẹ̀rún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, á jó eyín ayùn kó tó gé páìpù kan tán. Ẹ ti ọwọ́ ẹ̀gbẹ́ dírìlì sí ara tábìlì tàbí irin kan tó dúró gbọn-in, torí tí ayùn bá há, ọrùn ọwọ́ yín ni dírìlì máa yí. Ẹ wọ gíláàsì ojú. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí ohun tó ń yípo.

Ẹ da òróró ìgé irin sí i, ẹ sì jẹ́ kó wọlé jẹ́jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, torí eyín bíi méjì mẹ́ta péré ló kọ́kọ́ ń kan ẹ̀yìn páìpù. Ibẹ̀ ni eyín ti ń ká jù. Ní àárín, níbi tí ayùn ti ń gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì páìpù lọ gbọọrọ, ẹ máa fà á sẹ́yìn kí ẹ gbá ẹ̀rún irin dànù.

Páìpù àkọ́kọ́ tí ẹ bá bù, ẹ fi dán jig náà wò. Ẹ tú kíláǹpù, ẹ yí páìpù náà po lórí ara rẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè bọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ sì sún un títí kòtò rẹ̀ á fi kan ara ayùn tó dúró jẹ́ẹ́. Tó bá ṣì jókòó wẹ́kú, ìlà yín pàdé. Tó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìlọ́po méjì àṣìṣe yín lẹ ń wò yẹn. Ẹ tẹ́ irin fẹ́lẹ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ilé búṣì, tàbí kí ẹ yọ díẹ̀, títí yóò fi gún.

Fún 38 sí 38 tó dúró ní igun títọ́, ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ kọjá ìlà àárín ayùn díẹ̀, bí 2 mm. Tí kò bá dé ibẹ̀, etí á gé kúrú. Kòtò náà á jìn tó 19 mm láti etí dé ìdí. Ti 25 sí 38 kò jìn tó 5 mm. Ìyẹn tún fún yín ní ọ̀nà ìrọ̀rùn láti mọ gígùn: tí igi ìdábùú 38 bá máa wà láàárín ẹsẹ̀ méjì 38, gígùn rẹ̀ láti etí dé etí ni àyè tó wà láti àárín ẹsẹ̀ kan dé àárín ẹsẹ̀ kejì. Ẹ fi 2 mm yẹn kún un ní ẹnu kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ bá ń gé e, ayùn á mú un kúrò. Láti ìdí kòtò dé ìdí kòtò sì jẹ́ àyè yẹn kan náà, ẹ yọ 38 kúrò.

Igun tó dagun ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Hole saw tó wọ́pọ̀ kò jìn ju nǹkan bíi 38 mm lọ. Ní dígíríì 45, ọ̀nà tí ayùn máa gbà la páìpù 38 já gùn tó 54 mm, àgékù á kún inú ayùn, á sì fi ìdí rẹ̀ gbá ìdí ayùn kí iṣẹ́ tó parí. Ẹ fi gráíńdà gé ẹnu páìpù dagun kí ẹ tó gbé e sínú jig, kí ohun tó kù fún ayùn má ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ tún lè dúró láàárín, kí ẹ gé àgékù dànù, kí ẹ sì máa bá a lọ. Tí oríkèé bá dagun ju dígíríì 30 lọ, bébà àti gráíńdà ni mo máa ń padà sí.

Páìpù tí ẹ máa bù ní ẹnu méjèèjì nílò àmì. Ẹ gbé e sórí irin áńgù, ẹ fi etí áńgù náà fa ìlà kan láti orí dé ìdí páìpù. Nígbà tí ẹ bá ń bu ẹnu kejì, kí ìlà náà wà ní ibi tó wà nígbà àkọ́kọ́. Láìsí ìlà yìí, kòtò kan lè kọjú sí ìlà oòrùn kí èkejì kọjú sí àríwá.

Ohun tó kàn ni iná tó ń lu páìpù yín. Àlàfo jẹ́ ìdí kan. Fún irin 2 mm, mi ò fẹ́ kó tó 1 mm níbikíbi. Àmọ́ ìdí kejì wà tí jig kò lè mú kúrò. Tí páìpù méjì bá dọ́gba, etí kòtò máa ń fẹ́lẹ́ bí abẹ. Nínú 38 tiyín, nǹkan bíi 8 mm tó gbẹ̀yìn etí kọ̀ọ̀kan ni irin ti ń dín kù láti 2 mm títí dé òfo, iná wẹ́díìnì sì ń yọ́ ibẹ̀ kí páìpù kejì tó gbóná. Ẹ fi fáìlì gé 2 mm kúrò lórí etí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ha ìdọ̀tí inú àti ìta kúrò. Ẹ kọ́kọ́ fi iná kàn án ní ìdí kòtò méjèèjì níbi tí irin ti pé, lẹ́yìn náà ní ẹ̀gbẹ́ etí. Tí ẹ bá wá ń jó o yí ká, orí páìpù tí ẹ kò bù ni kí ojú iná máa wà, kí ẹ máa fà á sórí etí fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan.